Má Ṣe Wá Ọmọ Tó Bèèrè Tómiwá

Ìkòsí, Kétu,
Ọjọ́bọ̀.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ara àwa méjèèjì dá, àfi orúnkún Mọ́mì rẹ tí kò jẹ́ kó lè gun afárá Kétu mọ́. Ó ní kí n kí ọ, kí n kí ọkọ rẹ, kí n sì sọ fún ọ pé o ti rù jù nígbà tí o wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù nínú ìwé yìí, tèmi ni.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ló ṣẹ́kù ní Èkó tó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ń gbé ní Anthony, tí kò jìnnà sí wa rárá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi fóònù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, káàdì á tán kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Bí mo bá sì wá sọ́dọ̀ rẹ, n ó wo ojú rẹ, n ó sì sọ ohun tí ojú rẹ fẹ́ gbọ́. Bí mo ti rí nìyẹn. Orí ìwé nìkan ni mo ti máa ń láyà.

Lọ́jọ́ Àìkú o bi mí pé, "Dádì, kí ni kí n ṣe?" Mo ní kí o kọ́kọ́ jẹun. O jẹun tán, mo ní kí o tètè máa lọ kí òjò tó dé. O wò mí, o rẹ́rìn-ín, o lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ èsì náà fún ara mi, tí n kò sọ fún ẹni tó bèèrè.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣì í gbọ́, ìmọ̀ràn mi kò wúlò nìyẹn, kí o sọ ìwé yìí nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni wọ́n gbà ọ́ sí ilé ìwé Magodo yẹn, tí wọ́n fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá. O fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọmọ, torí pé bí wọ́n bá dúró níwájú olùkọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ántí" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n wí. O rí ibì kan lórí ayélujára tí ènìyàn ti lè to ìbéèrè sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ á jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, á ka ìbéèrè, á tẹ èsì rẹ̀, á dìde. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. O sọ fún wọn ní àsẹ́ńbìlì pé kò sí ẹni tó máa mọ ẹni tó sọ kí ni. Inú olùdásílẹ̀ ilé ìwé, tí gbogbo yín ń pè ní Mọ́mì, dùn sí i gan-an. Ó ti ń sọ fún àwọn òbí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó nìyẹn.

Èsì dé. Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, ìwọ, Mọ́mì yín àti àwọn olùkọ́ àgbà, ẹ ń kà á. Ẹnì kan kọ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú mítípáì tí wọ́n ń tà nílé ìwé, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ẹran bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ní kí àwọn òbí dá owó jọ kí wọ́n bá olùkọ́ Físíìsì ra ṣòkòtò mìíràn, torí pé èyí tó ń wọ̀ ti mọ gbogbo ìwé Físíìsì sórí. O ní Mọ́mì yín rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tó ń sọ pé, "Àwọn ọmọ yìí ò dáa! Ẹ ka òmíì!" O ka òmíràn. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni ẹ fẹ́ kí á yí padà nílé ìwé wa. Èsì náà, bí o ti yí i sí Yorùbá fún mi, nìyí: "Ẹ sọ ibi tí Tómiwá wà fún wa. Ó sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ń dun òun."

O ní o rò pé ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ni. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o kò mọ Tómiwá. Ṣùgbọ́n o wo àwọn olùkọ́, kò sẹ́ni tó wo ìwọ. Nígbà tí gbogbo wọn jáde, akọ̀wé ló sọ fún ọ ní kọ̀rọ̀ pé ọmọ náà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní sáà tó kọjá ó pẹ́ dé, wọ́n ní kí òun àti àwọn tó pẹ́ dé dúró sínú oòrùn. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀lẹ ṣe ń wí. Wọ́n gbé e lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ yẹn kò sì parí tó fi kú sí ọsibítù. Wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò ní kíláàsì. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ yòókù pé àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Àbújá.

Mọ́mì yín pè ọ́ padà lọ́jọ́ kejì.

"Ántí Rónkẹ́, ta ló kọ nǹkan yẹn?"

"Mọ́mì, kò ní orúkọ, mà."

"Gbogbo nǹkan ló ní orúkọ. Ẹ wá a."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyí, Àjọkẹ́. O rí i pé ó ṣeé wá. Torí pé olùkọ́ ni ọ́, o kó àwọn ọmọ wọ yàrá kọ̀ǹpútà bí orúkọ wọn ṣe tò nínú ìwé ìpè, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, oníkálùkù sórí àga rẹ̀, kí epo jẹnẹrétọ̀ má baà jóná lásán. Ibi tí o to ìbéèrè sí lórí ayélujára náà sì ń kọ àkókò tí èsì kọ̀ọ̀kan wọlé. O fi àkókò lé ìlà, o fi ìlà lé àga, ó sì ku ọmọbìnrin mẹ́ta. O dúró níbẹ̀. Mọ́mì yín fẹ́ gbọ́ orúkọ kan lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí. Ó ní kí ọmọ náà àti òbí rẹ̀ wá ilé ìwé mìíràn, kò sì ní jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Ó ní bí o kò bá rí i, òun á gbà pé ẹni tó gbé ayélujára wọ ilé ìwé òun ló kọ ọ́.

Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èsì mi nìyí, kí n má baà fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀: má ṣe wá ọmọ náà. Má ṣe sọ mẹ́ta di ẹyọ kan. Kí ìwọ fúnra rẹ má mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ to ìdí rẹ̀ ní èkínní, èkejì, bí àwọn bàbá ṣe ń ṣe nínú irú lẹ́tà báyìí. N kò mọ̀ bóyá á tò.

Èkínní. O lè sọ pé, "Dádì, mo lè mọ̀ ọ́n, kí n sì pa á mọ́ra." O kò lè ṣe é. Èmi náà rò pé mo lè ṣe é rí. O mọ̀ pé ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi ní Ṣómólú, kí n máa wá àṣìṣe inú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún tí n kò tíì fẹ́ Mọ́mì rẹ, ọ̀gá wa gbé páálí kan sẹ́nu ọ̀nà, ó lu ihò sí i lórí, ó ní kí oníkálùkù kọ ohun tó ń dùn ún sí ìwé pélébé kó jù ú sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ. Àwa náà rò pé ọ̀làjú dé. Nígbà tó ṣí páálí náà, ó pe gbogbo wa jọ, ó ń kà á sókè. Ọ̀kan ní, "Ọ̀bẹ tó ń gé ìwé kò ní irin ìdáàbòbò mọ́. Bó bá gé ọwọ́ èèyàn, ṣé ẹ máa bá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé Bíbélì tí ẹ ń tẹ̀?"

Ọ̀gá gbójú sókè. "Ta ló ń fi Bíbélì ṣeré níbí?"

Àwọn yòókù dorí kodò. Ṣùgbọ́n èmi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì mọ ẹnu tó ti jáde. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì tó ń lo ọ̀bẹ náà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ojú ọ̀gá tẹ̀lé ojú mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí oṣù, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì máa lọ sílé.

Ó pẹ́ kí n tó tún rí i. Ní ọjà Máìlì 12 ni, ó ń ti ọmọlanke, ó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì jọ sórí rẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi.

"Ọ̀gá Oníwèé! Ẹ ò kí èèyàn mọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ló ní ẹ sọ nǹkan kan? Eyín yín ló sọ ọ́. Eyín yín mà funfun o, ó funfun dénú ọ́fíìsì ọ̀gá." Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí àwàdà ara rẹ̀ bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. "Ẹ yà fún mi, tòmátì ò mọ àgbà."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi kò tilẹ̀ la ẹnu. Ohun tí ènìyàn bá ti mọ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ káàkiri. Bí o bá mọ ọmọ náà, wàá kọjá lára rẹ̀ lọ́nà kíláàsì, wàá yára jù tàbí kí o rọra jù. Wàá bi í ní ìbéèrè tó rọrùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọ á rí i kí Mọ́mì yín tó rí i.

Nítorí náà, ohun tí o ti mọ̀ yẹn, pa á rẹ́. O sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe. Fi ọwọ́ ara rẹ da àwọn èsì náà kọ sínú ìwé lásán, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìkan, láìsí àkókò, kí o sì da ìtò rẹ̀ rú. Lẹ́yìn náà, pa gbogbo èyí tó wà lórí ayélujára rẹ́. Má ṣe sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ìwọ lo pa á rẹ́.

Èyí tó tẹ̀lé e ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde nídìí rẹ̀, mo lọ wo ìta, mo tún jókòó.

Àwa Yorùbá kì í túfọ̀ ọmọdé. Bí ọmọ bá kú, a kì í fẹ́ kó dún. Àwọn òbí rẹ̀ kì í dé ibi tí wọ́n sin ín sí, a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀, bí ọmọdé mìíràn bá sì bèèrè rẹ̀, a ní ó lọ sí ìrìn àjò. Nígbà tí mo kà nípa bí àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe ń ṣe tiwọn, mo kọ́kọ́ rò pé tiwa ló dára jù, torí pé ó jọ àánú. N kò mọ̀ bóyá àánú ni mọ́. N kò mọ ẹni tí a ń ṣàánú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ Dèjì kú, ìwọ kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí dé láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sọ̀rọ̀: "Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún Rónkẹ́. Ọmọdé ni, á gbàgbé." N kò jiyàn. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí òkú? Mo gbé ọ lé ẹsẹ̀, mo sọ fún ọ fúnra mi pé Dèjì ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. O ní, "Ṣé kò mú bàtà rẹ̀ dání ni?" Mo ní ìyá àgbà á ra òmíràn fún un.

Láti ìgbà náà ni o ti ń já ẹran rẹ sí méjì. O ń gbé ìdajì sí etí àwo, o ń sọ pé ti Bọ̀ọ̀dá Dèjì ni, títí á fi dé. Mọ́mì rẹ á dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Èmi á dúró títí o bá sùn, n ó sì kó ẹran náà dànù.

A rò pé o kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wo bí a ti gọ̀ tó. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, gbogbo àdúgbò yí orúkọ wa padà. Ìyá Dèjì di Ìyá Rónkẹ́, Bàbá Dèjì di Bàbá Rónkẹ́, alágbàáfọ̀, alájọgbélé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ṣì í pè. Etí rẹ wà níbẹ̀. Ṣé ọmọ tó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kan, o jẹ ẹran rẹ tán. O kò fi ìdajì sílẹ̀. O kò bi wá ní nǹkan kan, o kò sì tíì bi wá títí di òní. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún Mọ́mì rẹ pé o ti gbàgbé. Òun ló wò mí tó ní, "Kò gbàgbé. Ó ti mọ̀ pé irọ́ là ń pa fún òun ni."

Àwọn àgbà yìí kan náà, tí wọ́n ní kí á má túfọ̀, ni wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ka òwe yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni ń ka nǹkan àwọn òbí nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ńkọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì yẹn, ọ̀rẹ́ wọn kò kú, ó nù ni. Ẹ gbé àga rẹ̀ kúrò, ẹ ní Àbújá. Wọ́n ní fóònù, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ti kú. Ohun tí ọmọ yẹn ń bèèrè kì í ṣe ibi tí Tómiwá wà. Ó ń bèèrè bóyá àgbà kan wà nílé ìwé yẹn tó lè sọ òtítọ́ fún òun. Ibi tí kò ti sí ojú, tí kò ti sí orúkọ, níbi tí ìwọ ti sọ fún un pé kó sinmi lé ọ, ló ti bèèrè rẹ̀. O ń gbọ́ mi, Àjọkẹ́? Ìwọ lo sọ fún un.

N kò mọ̀ bóyá èkejì ni mo wà tàbí ẹ̀kẹta. Jẹ́ kí n máa lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ bíbi àwọn ọmọ ní ìbéèrè lórí ayélujára yìí fúnra rẹ̀, mo ní iyèméjì, mo sì fẹ́ kí o ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dára láti gbọ́ ohùn ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọdé tí ọgbọ́n tirẹ̀ kọ́kọ́ dé. Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé inú òkùnkùn nìkan ni ọmọ wa ti lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kan. Tómiwá sọ tirẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ bá wa tún ṣe níbẹ̀? Bí etí bá ti di, kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé tó máa ṣí i. Bóyá mo ṣì í sọ. Bóyá bí ìyẹn kò bá sí, ìwọ pàápàá ì bá má gbọ́ orúkọ Tómiwá láéláé, wọn ì bá sì tún kó àwọn ọmọ mìíràn sínú oòrùn lọ́la. Mo ń gbé e síhìn-ín, mo ń gbé e sọ́hùn-ún.

Bí o bá tún ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn, má ṣe fi ìwé ìpè kó wọn wọlé. Jẹ́ kí wọ́n lọ nígbà tó wù wọ́n, kí wọ́n jókòó síbi tó wù wọ́n, kódà kó jẹ́ ní kàfé tó wà lẹ́bàá ọjà èso níbí. Kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń pa mọ́ kí o tó ṣèlérí ohun tí kò ní sọ. Má sì ṣe bi ọmọ ní ohun tí àwọn tó ju ọ́ lọ kò ṣe tán láti gbọ́. Bí wọ́n bá dáhùn, padà lọ bá wọn, kí o sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún wọn. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ èsì á rò pé òun sọ̀rọ̀ sínú kànga.

Wàyí o, ọjọ́ Ajé.

Kí ọjọ́ Ajé tó dé, lọ rí ìyá Tómiwá. Má gba àyè lọ́wọ́ Mọ́mì yín, nítorí kò ní fún ọ. Akọ̀wé á mọ ilé wọn. Má gbé èso lọ́wọ́ bí ẹni ń lọ kí aláìsàn. Jókòó, jẹ́ kó sọkún bó bá fẹ́ sọkún, kí o sì bi í pé ṣé òun àti ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n má sọ fún àwọn ọmọ. Ohun tí Mọ́mì yín ń wí nìyẹn, n kò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tirẹ̀ ni ọmọ náà, má bá a jiyàn. Sọ fún un ohun tí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ kọ, kí o fi í sílẹ̀ kó rò ó. Bó bá sọ pé kò sẹ́ni tó bi àwọn, bẹ̀ ẹ́ kó gbà fún ọ láti dárúkọ ọmọ rẹ̀. Mo rò pé á gbà. Mo mọ obìnrin kan tí kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà, lọ bá Mọ́mì yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àsẹ́ńbìlì tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ nìkan. Kúnlẹ̀. Ó ju ọ́ lọ, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kì í ṣe gbígbà. Sọ fún un pé o kò mọ ẹni tó kọ ọ́, o kò sì ní mọ̀ ọ́n. Sọ fún un pé o ti rí ìyá ọmọ náà. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì náà jọ, kí ẹ sọ fún wọn pé Tómiwá kú, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sọkún, kí ẹ sì dá ìdúró inú oòrùn yẹn dúró.

N kò ní tàn ọ́ pé á gbà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti dàgbà tó láti rí òtítọ́ tó bá irọ́ lójú ọ̀nà, tó kí i, tó kọjá. Bóyá á ní kí o jáde ní ọ́fíìsì òun. Bóyá á wá ọmọ náà fúnra rẹ̀, á pe àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ́rù bà wọ́n títí ọ̀kan á fi sọ̀rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Mo ti rò ó. Síbẹ̀, kí ó má jẹ́ nípasẹ̀ rẹ.

Mọ́mì rẹ ti wọlé lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ń kọ̀wé.

"Bàbá Rónkẹ́, kí lẹ ń kọ tó gùn tó báyìí? Ẹ má sọ fún ọmọ mi kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò. Ẹ̀yin àti ìwé yín, ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ ba oúnjẹ jẹ́."

Mo ka ibi tí mo ti kọ nípa Dèjì fún un. Ó dúró mú ilẹ̀kùn. Mo bi í bóyá kí n fa igi lé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún un kó jẹun kó tó lọ bá obìnrin yẹn. A kì í fi ebi jà."

Nítorí náà, jẹun. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ajé, má pariwo, má sì jẹ́ kí wọ́n mú ọ gba ẹ̀yìn jáde bí olè. Kí o tó dé géètì, wọ kíláàsì yẹn lọ. Sọ fún àwọn ọmọ náà pé o ń lọ, kí o sọ fún wọn pé wọ́n lé ọ ni, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti tó ọmọ tí ń gbọ́ ọ.

Èmi tó bí ọ,
Dádì.